Ẹfun Ìdí Kẹ́tùlù Kì í Ṣe Òkúta Inú Kíndìnrín

Ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní London láàárín àwa ọmọ Yorùbá á ti gbọ́ ọ: "Ẹ wo ìdí kẹ́tùlù yín. Bó ṣe dì síbẹ̀ yẹn náà ló ṣe ń dì sínú kíndìnrín yín." Orí WhatsApp ló sábà máa ń gbà wọlé. Ẹnì kan á fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì á gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí nílé, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di òótọ́. Àwọn kan tìtorí ẹ̀ pa omi ẹ̀rọ tì pátápátá, omi inú ike ni wọ́n ń rù láti ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mi ò bá ẹni tó gbà á gbọ́ wí. Ojú kúkú rí i: ó funfun, ó le, inú omi tí à ń mu ló sì ti jáde. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe dé ìdí kẹ́tùlù ná.

Odò Thames àti odò Lea ni London ti ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀, ó sì ń fa ìyókù lábẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ tó yí ìlú náà ká, láti àwọn òkè Chiltern lápá àríwá títí dé North Downs lápá gúúsù, ẹfun ló pọ̀ níbẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ni òun àti òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Bí òjò bá rọ̀, tí omi ń wọ ilẹ̀ lọ, ó máa ń gba afẹ́fẹ́ carbon dioxide mọ́ra, á kan díẹ̀, á sì máa yọ́ ẹfun náà bó ṣe ń kọjá. Ohun tó ti yọ́ kò hàn sójú, ìdí nìyẹn tí omi inú ife fi mọ́ kedere. Ìgbà tí ẹ bá gbé e kaná ni carbon dioxide á bá ooru lọ. Ẹfun ò wá rí ohun tó ń yọ́ ọ mọ́, ó bá lẹ̀ mọ́ ibi tó gbóná jù.

Iná ló fà á, nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ikùn rẹ̀ ń hó. Fínígà díẹ̀ ń yọ ẹfun kúrò ní kẹ́tùlù láàárín wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ omi kíkan tó wà nínú ikùn wa le ju fínígà lọ.

Òkúta kíndìnrín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, calcium àti oxalate ló so pọ̀. Calcium ni èròjà tó wà nínú ẹfun, ó sì wà nínú omi London lóòótọ́, ibẹ̀ ni àwọn tó ń gbé ìbẹ̀rù yìí kiri dúró sí. Wọn ò dé ibi tó kàn. Oxalate wà nínú oúnjẹ tí à ń jẹ lójoojúmọ́: tẹ̀tẹ̀, ẹ̀pà, tíì. Bí calcium bá pàdé rẹ̀ nínú ìfun, wọ́n á dì mọ́ra wọn, wọ́n á sì bá ìgbẹ́ jáde láì dé ọ̀dọ̀ kíndìnrín rárá. Bí calcium bá kéré jù nínú oúnjẹ, oxalate á ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní 1993, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọkùnrin tó lé ní 45,000. Àwọn tí calcium pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn ni òkúta kéré jù láàárín wọn. (Calcium oníhóró tí wọ́n ń tà ní fámásì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, dókítà ni kí ẹ bi.)

Ẹ tún wo ìwọ̀n rẹ̀. Nǹkan bíi 100 sí 120 míligíráàmù calcium ló wà nínú lítà kan omi London. Ife wàrà kan ṣoṣo ní tó 300. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kò fi òdiwọ̀n ìlera kankan lé líle omi, ìyẹn bí calcium àti magnesium ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Ẹni tí òkúta bá sì ti mú rí, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà máa sọ fún un ni pé kó máa mu omi púpọ̀ sí i. Ẹni tí ìbẹ̀rù ẹfun mú kó dín omi mímu kù ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi tó ń sá fún.

Àwọn olómi inú ike ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ ka ara ike Evian: calcium rẹ̀ tó 80 míligíráàmù ní lítà kan, magnesium náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣírò ó, líle rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti omi ẹ̀rọ London, tó máa ń wà láàárín 250 sí 300 míligíráàmù ní lítà kan, bí wọ́n bá kà á sí calcium carbonate, ìyẹn ẹfun gan-an. Ẹ sè é nínú kẹ́tùlù kẹ́ ẹ rí i, ẹfun á dì.

Ní ilé kan náà, aboyún lè máa jẹ ẹfun tí wọ́n rà ní ọjà Peckham, èyí tí àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀ fún àwọn aboyún pé òjé máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ wà nílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Apò owó ni omi líle ń bá jà gan-an. Ọṣẹ kì í hó, á di ìdọ̀tí eérú lára báàfù. Ẹnu ṣáwà á dí, ẹfun á bo irin inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, bọ́ílà á máa jẹ gáàsì ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí ọṣẹ ìfọṣọ, ìwọ̀n ti omi líle máa ń wà níbẹ̀ lọ́tọ̀. Fún kẹ́tùlù àti ẹnu ṣáwà, fínígà tó. Àwọn tó ń gbé ní Glasgow kò mọ wàhálà yìí, nítorí adágún Loch Katrine ni omi wọn ti ń wá láti 1859, ó sì rọ̀ gan-an.

Awọ ara ńkọ́? Wọ́n ti rí i pé eczema, àìsàn tó ń mú awọ ara yún, máa ń pọ̀ díẹ̀ lára àwọn ọmọdé níbi tí omi bá ti le. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀ wọ ilé àwọn ọmọ tó ti ní in, nínú ìwádìí kan lórí ọmọ 336 tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011, eczema wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dín ju ti àwọn tí kò ní ẹ̀rọ náà lọ. Owó ẹ̀rọ yẹn kò kéré, torí náà ẹ rò ó dáadáa.

Bí ẹ bá sì rà á, ẹ rántí pé sodium ló fi ń rọ́pò calcium. Ẹ fi ẹnu ẹ̀rọ kan sílẹ̀ ní kíṣìnnì tí omi rẹ̀ kò ní gba inú ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀ náà kọjá, fún mímu àti fún mílíìkì ọmọ ọwọ́.