Yorùbá kọ́ ló ń dí ọmọ yín lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀

Ọmọ ti pé ọdún méjì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tíì ju bíi mẹ́wàá lọ. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì bi í pé èdè wo ni wọ́n ń sọ nílé. Ó ní Yorùbá ni, àti Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. "Háà, Màmá, ìyẹn ló fà á o. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, orí ọmọ ti dàrú." Kò sẹ́ni tó tún ń béèrè èwo ni kí wọ́n fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bàbá tó ti ń fi Yorùbá bá ọmọ ṣeré bẹ̀rẹ̀ sí í wá Gẹ̀ẹ́sì kiri, ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì di odi lójú ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston náà ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìkẹjà. Irọ́ ni.

Irọ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1923, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ D. J. Saer tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ilé ìwé ní Wales. Ó ní àwọn tó ń sọ èdè Welsh mọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò làákàyè tó àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, pé èdè méjì ló da ọpọlọ wọn rú. Àmọ́ àwọn ọmọ abúlé ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Nínú ìwádìí kan náà, àwọn ọmọ ìgboro tó ń sọ èdè méjì kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn olùwádìí ìgbà yẹn kì í sábà wo irú ilé tí ọmọ ti jáde wá, bóyá ilé olówó ni àbí ilé tálákà. Nígbà tí Elizabeth Peal àti Wallace Lambert wá fi àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá wéra ní Montreal, ní Kánádà, ní 1962, tí wọ́n rí i dájú pé ipò òbí wọn kò ju ara wọn lọ, àwọn elédè méjì ló borí. Èmi ò ní torí ìyẹn sọ pé èdè méjì ń sọ ọmọ di ọlọ́pọlọ pípé, nítorí àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì yékéyéké nìkan ni wọ́n ṣà sínú ìwádìí náà. Ṣùgbọ́n orí tí wọ́n ní ó dàrú ńkọ́? Wọn ò rí i.

Ọmọ tuntun pàápàá kì í dàrú. Ní Vancouver, Krista Byers-Heinlein àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìkókó kan wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2010. Àwọn ìyá wọn ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Tagalog, èdè àwọn ará Philippines, láti inú oyún. Wọ́n fi ọmú rọ́bà sí ọmọ lẹ́nu, bó ṣe ń fà á sí ni wọ́n fi ń mọ bí ohun tó ń gbọ́ ṣe wù ú tó. Èdè méjèèjì ló wù wọ́n gbọ́, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ọmọ tí kò tíì mọ ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru!

Kó tó pé ọdún kan, èdè ilé rẹ̀ á ti máa yọ nínú àwọn ohùn tí kò tíì nítumọ̀. Bénédicte de Boysson-Bardies, onímọ̀ ará Faransé, fi ohùn àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń tọ́ ní èdè Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Swedish àti Yorùbá wéra. Àwọn tiwa ń fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, bíi "aba" tàbí "ede", níbi tí àwọn yòókù á ti máa sọ "baba" àti "dede". Ẹ sáà wo ohun tí wọ́n ń gbọ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́: omi, ẹja, ilé, owó, àga, ìyá. Ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń ṣe nǹkan kan.

Ìṣirò gan-an ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ká ní ọmọ kan mọ omi, ẹran, bàtà, wá àti ó dàárọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀, tó sì mọ ball, juice, car, no àti bye-bye níbi tí wọ́n ń gbé e sí tí ìyá bá lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó mú ìwé ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì dání á ka márùn-ún. Ìyá àgbà tó ń fi fóònù bá a ṣeré láti Ìjẹ̀bú Òde náà á ka márùn-ún. Mẹ́wàá ni ọmọ mọ̀. Ohun tí Barbara Pearson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí lára àwọn ọmọ tó ń sọ Spanish àti Gẹ̀ẹ́sì ní Miami nìyẹn, ní 1993: tí wọ́n bá ro ọ̀rọ̀ inú èdè méjèèjì pọ̀, àwọn ọmọ náà kò kéré sí àwọn elédè kan. Lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá mú èdè kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ wọn lè kéré díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, torí wákàtí tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ti pín sí méjì. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Laura-Ann Petitto tilẹ̀ wo àwọn ọmọ ní Montreal tó ń kọ́ Faransé pẹ̀lú èdè ọwọ́ àwọn adití lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wọn dé lásìkò tí ti ọmọ elédè kan ń dé.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ bí ọmọ ṣe ń lú èdè méjèèjì pọ̀ ni?" Mo gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta gbé ife tó fọ́ wá, ó ní, "Mummy, ó ti break." Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Kò sọ pé "ó ti broke", bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé "ó ti broken". Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà torí pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, "ti" ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọmọ mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi òfin Yorùbá dè é. Orí tó dàrú ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àti pé lẹ́nu ta ló ti gbọ́ ọ? Ẹ̀yin náà lẹ ní jẹnẹrétọ̀ "ti spoil" lánàá. Fred Genesee, ní Montreal náà, rí i pé àwọn ọmọ tó wà ní nǹkan bí ọdún méjì ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: wọ́n ń lo èdè ìyá fún ìyá ju bí wọ́n ṣe ń lò ó fún bàbá lọ, èdè bàbá náà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àkókò tí irọ́ yìí ń jẹ. Àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn pẹ́ lóòótọ́, etí sì ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìkókó tí ẹyinjú àti ara rẹ̀ di rúsúrúsú lẹ́yìn ìbí, tí wọ́n ń gbé sínú oòrùn ní ìrètí pé á lọ dípò kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, lè di adití tí ibà pọ́njú náà bá le. Yírùnyírùn lè ba etí jẹ́. Etí tó ń ṣọyún léraléra lè dín ohun tí ọmọ ń gbọ́ kù. Tí ọmọ kò bá bojú wẹ̀yìn nígbà tẹ́ ẹ pè é láti ẹ̀yìn, tó pé ọdún kan tí kì í nàka sí nǹkan, tó pé oṣù méjìdínlógún tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan ní èdè èyíkéyìí, tó pé ọdún méjì tí kò so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà wá ń pòórá, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ etí rẹ̀ wò. Ìyá tí wọ́n sọ fún pé kó pa Yorùbá tì á lọ sílé, á dúró fún oṣù mẹ́fà kí Gẹ̀ẹ́sì tó "mọ́lẹ̀", oṣù mẹ́fà yẹn sì lọ nìyẹn. Adití kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ. Kódà, nínú àwọn ọmọ tó ní Down syndrome, ìyẹn àìlera àbímọ́ kan tó máa ń mú kí ọ̀rọ̀ ọmọ pẹ́, tí wọ́n yẹ̀ wò ní Kánádà, àwọn tó ń gbọ́ èdè méjì kò rẹ̀yìn sí àwọn tó ń gbọ́ ẹyọ kan.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ ń rí gbà tí a bá pa Yorùbá tì. Ìyá tó lè fi Yorùbá ro ọ̀rọ̀ ọjà látorí ẹni tó jí ata títí dé orí ẹni tó bá wọn là á, tó lè ki ọmọ ní oríkì, tó lè pa àlọ́, tó lè bá a wí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìyá yẹn ló wá ku "Come and eat" àti "Stop that". Ọ̀rọ̀ tó pọ̀, tí èèyàn ń bá ọmọ sọ, tí ọmọ ń dáhùn, ló ń kọ́ ọmọ lédè. Wọn ò sì lè fi tẹlifíṣọ̀n dípò rẹ̀. Patricia Kuhl mú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń lọ sí oṣù mẹ́wàá ní Seattle, ó jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Ṣáínà máa kàwé fún wọn, kó sì máa bá wọn ṣeré nígbà méjìlá. Etí wọn mọ ìró Ṣáínà. Àwọn tí wọ́n fi fídíò ẹni kan náà hàn kò mú nǹkan kan.

Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Á dé. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣáájú rẹ̀. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ohun yòókù, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbọ́ nípa Modákẹ́kẹ́ rí.

Èdè tó wà nínú ewu kì í ṣe èyí tí ẹ ń bẹ̀rù pé á sá. Annick De Houwer béèrè lọ́wọ́ ìdílé bíi 1,900 ní apá Bẹ́ljíọ̀m tí wọ́n ti ń sọ Dutch, níbi tí òbí kan ó kéré tán ti ń sọ èdè mìíràn nílé. Dutch kò sọnù lẹ́nu àwọn ọmọ. Èdè ilé ló sọnù, nínú bí ìdílé kan nínú mẹ́rin, níbi tí òbí ti ń gbọ́ èdè náà tí ọmọ kò sì lè sọ ọ́. Àwọn ilé tó mú un dúró jù ni ibi tí bàbá àti ìyá ti jọ ń sọ èdè ilé, tí kì í sì í ṣe àwọn méjèèjì ló ń fi Dutch kún un.