Ibi tí òkun ti parọ́rọ́ kọ́ ló láàbò

Ọ̀rọ̀ kan ń kiri lórí WhatsApp pé bí ẹ bá lọ sí etíkun, kí ẹ wẹ̀ níbi tí ìgbì kò ti ń fọ́, àti pé bí omi bá ń gbé yín lọ, kí ẹ fi gbogbo agbára wẹ̀ padà sí etíkun tààrà. Irọ́ ni méjèèjì, ó sì lè pani.

Ní etíkun tó dojú kọ agbami gbayawu, bíi ti Lẹ́kí, omi tí ìgbì kó wá gbọ́dọ̀ padà. Kòtò tó wà láàárín òkìtì iyanrìn abẹ́ omi ló máa ń gbà. Ibẹ̀ jìn, ìgbì kì í sábà fọ́ níbẹ̀, òun ló fi dà bí ibi jẹ́jẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: omi rẹ̀ dúdú díẹ̀ tàbí kó rú fún iyanrìn, èéhó a sì máa lọ sọ́nà agbami.

Ìṣàn omi tó ń padà yìí kì í fa èèyàn wọ abẹ́ omi. Ó ń gbé e jìnnà ni. Ó lè sáré tó mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òmùwẹ̀ wo ló fẹ́ bá a jà? Àárẹ̀ àti ìpayà ló ń pani.

Bí ó bá ń gbé yín lọ, ẹ fẹ̀yìn lé omi, ẹ mí, ẹ nawọ́ sókè, ẹ ké. Bí agbára bá wà, ẹ wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun. Bí omi bá dènà yín, ẹ yí sí apá kejì. Ìṣàn náà kì í sábà fẹ̀ ju mítà 30 lọ. Níbi tí ìgbì ti ń fọ́ ni kí ẹ ti wẹ̀ padà sí etíkun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí iyanrìn, ẹ má bẹ́ sómi lọ́wọ́ òfìfo. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ṣófo, tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, ń gbé èèyàn léfòó: ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ jù ú sí ẹni tí omi ń gbé lọ.