Ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù sínú fírísà o

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, mẹ́sẹ́èjì kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp, wọ́n ní tí láptọ́ọ̀pù géèmù yín bá ń gbóná jù kẹ́ ẹ gbé e sínú fírísà fún ìṣẹ́jú 10, pé chip gíráfíìsì ẹ̀ (GPU, èyí tó ń gbé àwòrán géèmù jáde) á tutù. Kì í ṣe òótọ́ rárá.

Ẹ wo ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti fírísà jáde bó ṣe máa ń làágùn nínú ooru wa yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni inú láptọ́ọ̀pù yẹn ṣe máa ṣe, omi yẹn ló sì lè ba bọ́ọ̀dù ẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Kí chip yẹn gbóná dé nǹkan bí 80°C lẹ́nu géèmù tó wúwo kì í ṣe àìsàn, tó bá fẹ́ kọjá ààlà fúnra ẹ̀ ló máa dín iyára kù, ìdí nìyẹn tí géèmù fi máa ń fà. Eruku ọyẹ́ tó dí fáànù ló sábà máa ń mú kó gbóná jù lọ́dọ̀ wa, àbí kéèyàn máa gbá géèmù lórí bẹ́ẹ̀dì (ọ̀pọ̀ wa la ń ṣe é). Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó mọṣẹ́ bá yín gbọn eruku ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ ṣí Task Manager lórí Windows 11, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ GPU, ìwọ̀n ooru ẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó gbọn eruku, kẹ́ ẹ tún wò ó lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín, ire ló ń rò, ẹ má bú u, ẹ ṣáà fi eléyìí ránṣẹ́ sí gúrúùpù tẹ́ ẹ ti rí i.