Èsì wa sí oníbàárà tí táyà ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ rẹ̀ kò fà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, oníbàárà wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ méjì, ẹ ní ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa, ẹ̀rọ náà sì ń rìn tí abẹ tó ń tú ilẹ̀ kò bá sí nínú ilẹ̀, àmọ́ ó ń yà sí ọ̀tún ṣáá. Tí abẹ bá ti wọlẹ̀, táyà àti abẹ á dúró pọ̀, ẹ̀yin lẹ ó wá máa fi àyà tì í. Ẹ ní mẹkáníìkì kan ti sọ pé gíà ti jẹ, òun fẹ́ tú u.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kó tú u. Àlàyé yín kò jọ ti gíà tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti yíyà sí ọ̀tún. Tí táyà òsì nìkan bá ń fà, ọ̀tún ni ẹ̀rọ máa yà sí, nítorí táyà ọ̀tún kàn ń tẹ̀lé e ni. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà orí pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí táyà ọ̀tún ti so mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Ẹ ó rí píìnì irin kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tó ní òrùka tó dè é. Tó bá gba ihò táyà kọjá wọ inú ọ̀pá, táyà àti ọ̀pá ti di ọ̀kan nìyẹn. Tó bá wà ní ihò kejì, níta, táyà á kàn máa yí lófo. Ihò ìta yẹn la máa ń fi í sí kí ẹ̀rọ lè ṣe é tì nígbà tí a bá ń kó o jáde, ó sì yẹ ká ti sọ fún yín. A kò sọ ọ́. Ẹ̀bi wa nìyẹn, kì í ṣe tiyín rárá, ẹ dárí jì wá. Láti ìsinsìnyí lọ, a ó máa so ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Ti pé táyà àti abẹ jọ ń dúró, tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò sì yí padà, bẹ́líìtì ni mo fura sí. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń gbé agbára fún méjèèjì lórí ẹ̀rọ yìí. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ló le jù, ohùn ẹ́ńjìnnì ni ì bá wálẹ̀, kó fẹ́ kú. Bẹ́líìtì tuntun sì máa ń nà láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ṣí ìbòrí, ẹ fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tó bá ń dán bíi gíláàsì, tó ń rùn bíi rọ́bà tó jóná, ó ti ń yọ̀ tipẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́líìtì mọ́tò kò ṣe é fi rọ́pò, bó tilẹ̀ gùn bákan náà. Tí kò bá dán, ẹ wo wáyà tó ti ọwọ́ ẹ̀rọ wá: bí ẹ bá tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, púlì kékeré (àgbá tí bẹ́líìtì ń gba orí rẹ̀ kọjá) gbọ́dọ̀ sún kó ti bẹ́líìtì le. Tí kò bá tì í tó, ẹ fi nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ wáyà fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fà á jù o! Tí ẹ bá ju ọwọ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ ṣì ń lọ, ewu ńlá ni. Ẹ dẹ̀ ẹ́ padà lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà tí púlì ara gíà bá ń yí tí ọ̀pá táyà kò yí rárá, tàbí tí èérún idẹ bá ń tàn yinrin nínú ọ́ìlì gíà, ni mo máa tó gbà pé gíà ni. Nígbà náà, ẹ dá ẹ̀rọ náà padà fún wa láìtú u, ká lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹ ya àwòrán píìnì àti bẹ́líìtì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Tí bẹ́líìtì bá ti dán, a ó fi tuntun ránṣẹ́ láìgba owó. Ìràwọ̀ méjì yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí táyà méjèèjì yóò fi máa fà.