Ọ̀rọ̀ Akin ò tíì tán nílé wa

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fi Stay With Me, ìwé ìtàn àròsọ ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, kún àwọn ìwé tẹ́ ẹ ní ká kà, àmọ́ ẹ pè é ní ìtàn orogún. Rárá o! Fúnmi, ìyàwó kejì, ò tilẹ̀ pẹ́ nílé náà. Akin, ọkọ wọn, gan-an lẹjọ́. Ọkùnrin mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun nìṣòro wà, ó wá dákẹ́, ó ń wo Yéjídé, ìyàwó àkọ́kọ́, níran bó ṣe ń wá ọmọ kiri. Ibi tí obìnrin yẹn ti wọ́ ewúrẹ́ funfun gun orí òkè àdúrà, tó fún un lọ́mú bí ọmọ tuntun, mo pa ìwé dé, mo lọ mumi ná. Nígbà tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) wá mú Ṣẹ̀san, ọmọ kejì, lọ, lẹ́yìn ikú ọmọ àkọ́kọ́, tí ìyá ò fẹ́ fọkàn sí ọmọ kẹta mọ́, mi ò lè dá a lẹ́bi. Ìyàwó mi ní àánú Akin ló ń ṣe òun, pé ìtìjú ọkùnrin kì í ṣe ohun kékeré. A ṣì ń bá ara wa fà á.