Ẹ̀tù Kọ́ Ló Ń Fa Èéfín Yẹn
Ẹnì kan kọ ọ́ pé ẹ̀tù tí kò jóná tán ló ń mú kí ọta òjé tí a fi ọ̀rá pa lára rú èéfín nínú ìbọn ìléwọ́, àti pé kí ẹni tó ń di ọta fúnra rẹ̀ fi kún ẹ̀tù náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà, apá kejì rẹ̀ sì léwu gidigidi, nítorí pé ẹ̀tù tó bá kọjá òṣùwọ̀n inú ìwé ìlànà lè fọ́ ìbọn mọ́ni lọ́wọ́.

Ọ̀rá náà gan-an ló ń rú èéfín jù. Àdàlù ìda oyin àti Alox (ọ̀rá kan tí a ṣe láti ara epo rọ̀bì) ní ìdajì-ìdajì, tí àwọn ayìnbọn Amẹ́ríkà ti ń lò tipẹ́, kì í jẹ́ kí òjé lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ pọ̀. Ẹ wo ìdí ọta: ọ̀rá tó bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, tààrà ni iná ẹ̀tù yóò jó o. Ẹ nù ún kúrò, kí ọ̀rá ṣẹ́kù sínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ara ọta ká nìkan. Ọta tí a fi ọ̀dà oníyẹ̀fun bò, tí a sì yan nínú ààrò tí a kò fi se oúnjẹ, kò nílò ọ̀rá rárá, èéfín rẹ̀ sì kéré jọjọ.

Síbẹ̀, èéfín tó dínkù kò mú májèlé òjé kúrò, torí pé òjé wà nínú prímà tó wọ́pọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun.