Saddam Hussein kò lọ́wọ́ nínú ìkọlù September 11

Títí dòní lẹ ó ṣì máa gbọ́ ọ pé torí Saddam, ààrẹ Ìráàkì nígbà náà, ló wà nídìí ìkọlù tí wọ́n fi bàálù ṣe sí Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ni Amẹ́ríkà ṣe gbógun lọ sí Ìráàkì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn 19 ló já bàálù gbà lọ́jọ́ náà. Ọmọ Saudi Arabia ni 15 nínú wọn, kò sì sí ọmọ Ìráàkì kan ṣoṣo láàárín wọn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ Ibn al-Shaykh al-Libi, ọkùnrin kan tí wọ́n fura sí pé ó bá al-Qaeda ṣe, ìyẹn ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí Bin Laden tó ṣe ìkọlù náà. Wọ́n mú un, wọ́n fà á lé Íjíbítì lọ́wọ́, ibẹ̀ ló ti sọ pé Ìráàkì kọ́ àwọn ọmọ al-Qaeda bí wọ́n ṣe ń lo kẹ́míkà olóró. Láti oṣù Kejì ọdún 2002 ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jọ pé irọ́ lọkùnrin náà ń pa. Síbẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn náà, Colin Powell, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé ọ̀rọ̀ al-Libi lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní 2004, al-Libi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó ní ìyà tí wọ́n fi jẹ òun ló mú òun sọ ọ́. CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, fa ìròyìn náà padà, ṣùgbọ́n ogun ti ń jà, òkú ti sùn.

Mi ò sọ pé ọwọ́ Saddam mọ́ o. Ó ń fún ìdílé àwọn ọmọ Palestine tó fi bọ́ǹbù para wọn láti pa ará Ísírẹ́lì ní 25,000 dọ́là. Baghdad ni Abu Nidal, ògbóǹtarìgì agbésùnmọ̀mí, ń gbé títí tó fi kú ní 2002. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ ẹnì kan sí olè ewúrẹ́, ìyẹn ò ní ká torí ẹ̀ pè é ní apààyàn. Al-Qaeda ni wọ́n fi ta ogun náà fáráyé, kì í ṣe Abu Nidal.

Wọ́n á ní, Zarqawi, agbésùnmọ̀mí tí wọ́n ní òun ló so Saddam pọ̀ mọ́ al-Qaeda, ńkọ́? Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà jábọ̀ ní 2006 pé ńṣe ni ìjọba Saddam ń wá a láti mú, tí wọn ò rí i. Oṣù Kẹwàá ọdún 2004, tí Saddam ti wà látìmọ́lé, ni Zarqawi ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé ọmọlẹ́yìn Bin Laden lòun.

Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fúnra rẹ̀ gbà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003 pé kò sí ẹ̀rí pé Saddam lọ́wọ́ nínú ìkọlù yẹn. Oṣù yẹn kan náà ni Washington Post gbé ìwádìí jáde pé 69 nínú 100 ará Amẹ́ríkà ló rò pé ó ṣeé ṣe kó lọ́wọ́ nínú rẹ̀.